Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹrù Tí Ọ̀rọ̀ Rù Kí A Tó Fi Í Ránṣẹ́

Ìbéèrè kan náà ni ó máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí mo ń bá yẹ ìwé wò ní Ìlọrin, yálà ìwé ìpè ìgbéyàwó ni o, ìkéde ìsìnkú ni o, tàbí lẹ́tà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú: “Ọ̀rọ̀ tí mo kọ kò ní irọ́ nínú, àkọtọ́ rẹ̀ sì pé, kí ni ó dé tí inú fi ń bí wọn?” Ìdáhùn mi kì í gùn. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni ẹ wò, ẹ kò wo ẹrù tí ó rù.

Ẹ mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó fẹ́ tà á ń pè é ní tòkunbọ̀, ẹni tí ó fẹ́ já owó rẹ̀ wálẹ̀ ń pè é ní àlòkù. Irọ́ kò sí lẹ́nu àwọn méjèèjì, nítorí pé ẹlòmíràn ti wa ọkọ̀ náà rí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ tòkunbọ̀, ọkàn a lọ sí òkun, sí ọkọ̀ ojú omi àti sí ohun tí ó ti òkè òkun dé, débi pé a ń sọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi ní orúkọ náà. Bí a bá gbọ́ àlòkù, ohun tí ẹlòmíràn lò tì ni a ń rí. Ohun tí ọkàn ń rí yìí, tí ìwé atúmọ̀ èdè kì í sábà kọ sílẹ̀, ni mo ń pè ní ẹrù ọ̀rọ̀. Àwọn ìgbésẹ̀ tí mo ń tẹ̀lé láti wọn ẹrù náà ni mo tò sí ìsàlẹ̀ yìí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò sórí bébà ní odindi. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn nìkan kì í dúró fún yíyẹ̀wò.
- Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò kà á, àti ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Wọn kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà.
- Ẹ wá ẹni mẹ́ta tí ẹ lè bi léèrè: àgbà kan, ọ̀dọ́ kan, àti ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ìlú yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ náà jọ

Ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó lè jókòó sí àyè kan náà nínú gbólóhùn yín, kí ẹ sì tò wọ́n láti orí èyí tí ó tutù jù dé orí èyí tí ó gbóná jù.

Ká ní àkọsílẹ̀ ìpàdé ni ẹ ń kọ. Akápò dìde, ó sọ ọ̀nà tí owó ẹgbẹ́ gbà lọ. Akọ̀wé lè kọ pé akápò ṣàlàyé; ó lè kọ pé akápò wí tẹnu rẹ̀; ó lè kọ pé akápò rojọ́; ó sì lè kọ pé akápò ṣàwáwí. Ẹni tí ó bá ka “ṣàlàyé” yóò gbà pé ọ̀rọ̀ yé àwọn tí ó jókòó. “Wí tẹnu rẹ̀” ti fi hàn pé ẹjọ́ wà nílẹ̀, ẹlòmíràn sì ní tirẹ̀ láti wí. “Rojọ́” ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì sú ènìyàn. “Ṣàwáwí” ti dá akápò lẹ́bi kí a tó ka ìlà kejì, bẹ́ẹ̀ ìpàdé kò rán akọ̀wé ní iṣẹ́ ìdájọ́. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ túká lórí irú ọ̀rọ̀ ìṣe kan báyìí, tí ó jẹ́ pé owó tí wọ́n ń jà lé lórí kò tó owó epo ọkọ̀ tí wọ́n fi wá sí ìpàdé.

Ẹ lè ṣe bákan náà fún ẹni tí kò sanra: ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó jẹ́ ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó rù. Fún ẹni tí kì í tètè yọ owó: ó ń ṣọ́ owó ná, ọwọ́ rẹ̀ há, ahun ni. Bí ẹ bá ti tò wọ́n tán, ẹ ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ́kọ́ kọ dúró sí, ó sì lè yà yín lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá rìn

Mo máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, títí ó fi dójú tì mí. Wọ́n ní kí n kọ ìwé oríyìn fún bàbá olùkọ́ kan tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé “ògbólógbòó olùkọ́” ni bàbá náà, ohun tí mo sì ní lọ́kàn ni ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí iṣẹ́ ti mọ́ lára. Nígbà tí wọ́n kà á dé ibẹ̀, àwọn tí ó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín, ẹni tí ó ń kà á sì sáré bọ́ sí ìlà tí ó tẹ̀lé e. Bàbá náà kò wo ẹnikẹ́ni. Fìlà wọn wà lórí orúnkún, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ wọlé, wọ́n tún ń fà á jáde.

Ẹ gbọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bá rìn lójoojúmọ́: ògbólógbòó olè, ògbólógbòó ọ̀daràn, ògbólógbòó gbájúẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti bá olè jẹun pẹ́ tó báyẹn, bí ó bá dé ilé olùkọ́, òórùn olè ni yóò kọ́kọ́ wọlé. “Àgbà olùkọ́” ni ó yẹ kí n kọ. Àní “àgbà ọ̀jẹ̀” ìbá sàn, òṣèré àti olórin ni a sábà ń gbọ́ ọ mọ́, kò sì sí ìtìjú nínú ìyẹn.

Báyìí ni ẹ ó ṣe ṣe é:

1. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sí àárín bébà.
2. Ẹ kọ ohun márùn-ún tàbí ènìyàn márùn-ún tí ẹ sábà ń gbọ́ mọ́ ọn yí i ká. Ẹ má ṣe ronú pẹ́; èyí tí ó bá kọ́kọ́ wá ni ó ṣe kókó.
3. Ẹ bi ara yín pé mélòó nínú wọn ni ẹ lè gbà lálejò. Bí wọn kò bá ju méjì lọ, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

J. R. Firth, onímọ̀ èdè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní ọdún 1957 pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń kó ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá wa ti ń fi irú rẹ̀ kìlọ̀ fún wa nípa ọmọ ènìyàn láti kékeré.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń kó lè yí padà. Bí a bá tú “àgbèrò” sí wẹ́wẹ́, kò ju ẹni tí ó ń kó èrò sínú ọkọ̀ lọ, iṣẹ́ gidi sì ni. Lónìí, ta ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé ọkọ ìyàwó jẹ́ àgbèrò? Ìtumọ̀ tí ẹ tú jáde láti inú ọ̀rọ̀ kò lè gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ohun tí ìgboro ti sọ ọ́ dà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lé ìyá yín lórí

Ẹ yọ orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí kúrò nínú gbólóhùn, ẹ fi ìyá yín sí i, kí ẹ sì kà á sókè. “Àgàn ni ìyá mi kí wọ́n tó bí mi.” Ẹnu yín kò ní gbà á. Ohun tí ẹ ó sọ ni pé, “Ọdún méje ni ìyá mi fi ń wojú Olúwa kí wọ́n tó bí mi.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, ti kejì sì ṣí i sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kéékèèké pẹ̀lú. “Kò bímọ” àti “kò tíì bímọ” kò yàtọ̀ ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ, síbẹ̀ gbogbo ìrètí ilé náà wà nínú “tíì” yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni “adálémosú” rí. Kò sí ẹni tí ń fi ìdùnnú lò ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. “Wọ́n ti padà sílé” ni à ń wí, àwọn tí ó gbọ́ a sì lóye.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ bèèrè pé ẹnu ta ni ó ti ń jáde

Ẹni tí kò ríran lè pe ara rẹ̀ ní afọ́jú, kí ó sì fi ṣe àwàdà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwàdà náà kò sí fún yín láti yá lò. Lórí rédíò, “akàndá ẹ̀dá” ni wọ́n sábà ń lò nísinsìnyí fún gbogbo ẹni tí ó ní ìpèníjà ara, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ojú, tí a sì fẹ́ wá àga fún ẹni náà ní iwájú gbọ̀ngàn, mo fara mọ́ ọn kí a kọ “ẹni tí kò ríran”, nítorí pé akàndá ẹ̀dá kò sọ ìrànlọ́wọ́ tí a óò ṣe fún un.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹ lo orúkọ tí ènìyàn ń pe ara rẹ̀. Ẹni tí àwọn kan ń pè ní kèfèrí, tí àwọn mìíràn ń pè ní abọ̀rìṣà, oníṣẹ̀ṣe ni ó ń pe ara rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìdájọ́, èkejì ń ṣàpèjúwe ṣùgbọ́n ó ti gbé ẹ̀gàn ọdún pípẹ́ mọ́ra, ẹ̀kẹta nìkan ni ẹ lè kọ sínú lẹ́tà tí ẹ fẹ́ kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wo ilẹ̀ tí ẹ dúró lé

Àwọn ọmọ Kwara tí ó ń kọ̀wé láti Èkó tàbí Ìbàdàn ni wọ́n sábà ń ṣubú níbí, nítorí náà n óò dúró díẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹni tí ó bá pe ènìyàn ní Gàmbàrí kò fẹ́ yìn ín. Ní Ìlọrin, Balógun Gàmbàrí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Balógun mẹ́rin tí ìlú ní, pẹ̀lú ti Fúlàní, ti Àjíkóbi àti ti Àlánàmú. Orúkọ àdúgbò ni, orúkọ ìdílé sì ni, ó sì wà nínú orúkọ Ẹ́míà Ìlọrin, Alhaji Ibrahim Sulu-Gambari, tí ó gun orí ìtẹ́ ní ọdún 1995. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé tí ó ń bọ̀ wá sí Ìlọrin kò mọ àgbàlá tí òun wọ̀.

Bí ẹ bá kọ “àlùfáà yóò gbàdúrà” sínú ìwé ètò ní Òkè-Súná, ẹni tí ó wé láwàní ni àwọn ènìyàn yóò máa retí. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní ilé Onígbàgbọ́ kan ní Òmù-Àrán, ẹni tí ó wọ aṣọ oyè ìjọ ni wọn yóò máa wò lọ́nà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ni Bíbélì Yorùbá lò fún àwọn tí ń rúbọ nínú tẹ́ḿpìlì. Níbi ìgbéyàwó tí ẹbí méjèèjì kò ti ṣe ẹ̀sìn kan náà, ẹ kọ “imáàmù” àti “pásítọ̀” gbangba.

Orúkọ ìlú gan-an ní ẹrù tirẹ̀. Oríkì tí Yorùbá káàkiri mọ̀ ni “Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀ lọ”. Nínú ìlú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò kọ “Ìlọrin Gẹ̀rí Àlímì” dípò rẹ̀. Àfọ̀njá àti Àlímì ni wọ́n jọ wà nínú ìtàn ìlú, èyí Ààrẹ ọ̀nà kakaǹfò, ìyẹn olùkọ́ni ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì sórí bébà ẹgbẹ́ ti gbé ẹsẹ̀ sí apá kan nínú awuyewuye tí ó ti pẹ́, kódà bí ó bá jẹ́ pé adùn oríkì nìkan ni ó ń wá. Bí ẹ kò bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, ẹ kọ “Ìlọrin”, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti Ọ̀fà rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ sọ fún ọmọ ìlú mìíràn pé ìjàkadì ni tirẹ̀, ó lè rò pé oníjàngbọ̀n ni ẹ pe òun. Ọmọ Ọ̀fà tí ó bá gbọ́ “ìjàkadì lorò Ọ̀fà” yóò gbé àyà sókè.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gbọ́ ìró rẹ̀

Ojú ọmọ tí ó rí róbótó dùn ún wò. Ojú tí ó rí ròbòtò tóbi, kò sì wuni. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn nìkan ni ó lọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé oríkì ọmọ tuntun ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tafà.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi ẹni mẹ́ta wọ̀n ọ́n

Ní ọdún 1957 kan náà, Charles Osgood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde láti wọn ẹrù ọ̀rọ̀. Wọ́n fa ìlà tí a pín sí ibi 7, wọ́n kọ “dára” sí ìpẹ̀kun kan àti “burú” sí èkejì, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù fi àmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí lọ́kàn rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n rí pé ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ jù: bóyá ó dára tàbí ó burú, bóyá ó lágbára tàbí ó rọ̀, bóyá ó ń ta kébékébé tàbí ó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ lè fa irú ìlà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn àpòòwé.

1. Ẹ bi olúkúlùkù ní òun nìkan. Ọ̀dọ́ kì í fi àmì sí ibi tí àgbà kò fi í sí bí àgbà náà bá jókòó tì í.
2. Ẹ má ṣe sọ ẹni tí ẹ fẹ́ lo ọ̀rọ̀ náà fún.
3. Ẹ wo ojú wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo gbà pé ojú yẹn ṣe pàtàkì ju àmì orí bébà lọ.
4. Bí àmì ẹni méjì bá fi ju ibi mẹ́ta lọ jìnnà síra, ọ̀rọ̀ náà kò yẹ ní gbangba, bí ó ti wù kí ó dùn létí yín tó.

Mo ṣe é fún “obìnrin bí ọkùnrin”, tí a ń lò láti fi yin obìnrin tí ó lákínkanjú. Bàbá kan fi àmì sí ìpẹ̀kun “dára”. Ọmọbìnrin kan tí ó ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin fi tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní ta ni ó sọ fún wọn pé ọkùnrin ni ó ni ìgboyà. Àwọn méjèèjì ló mọ Yorùbá. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí mo ń kọ, mo kọ ohun tí ìyáàfin tí mo fẹ́ fi yìn ṣe.

Ọ̀rọ̀ ikú, níbi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù

Bí mo bá gba ìwé mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò jẹ́ ti ìsìnkú, àwọn tí ó kọ ọ́ kò sì tíì sùn láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ìlànà yìí sí ẹ̀gbẹ́ yín.

“Kú” jẹ́ ọ̀rọ̀ ìhòòhò. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ tí ó ń sunkún, akọ̀ròyìn náà sì lè lò ó. Lórí ìwé tí ẹbí fọwọ́ sí, ẹ fi aṣọ bò ó. “Ṣe aláìsí” àti “di olóògbé” lè wọ ilé gbogbo, Mùsùlùmí tàbí Onígbàgbọ́, àgbà tàbí ọ̀dọ́. “Jẹ́ ìpè Ọlọ́run” náà gba ẹ̀sìn méjèèjì. “Sùn nínú Olúwa” jẹ́ ti Onígbàgbọ́. “Papòdà” yẹ ẹni tí ó dàgbà, tí ó sì níyì. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń dún bí aṣọ agbádá lára ọmọ ọwọ́. “Wàjà” jẹ́ ti ọba aládé. Mo rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ fún onílé rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ni ó fi í rẹ́rìn-ín dé ọjọ́ kẹjọ.

Ẹ̀rù “ọ̀fọ̀ ṣẹ̀” ló ń bà mí jù, nítorí pé ó dùn lẹ́nu àwọn tí ó fẹ́ báni kẹ́dùn. Ikú tí kò yẹ kí ó tíì dé ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Bí màmá kan bá pé 90 ọdún, tí àwọn ọmọ wọn sì wà láàyè láti sin wọ́n, ẹni tí ó ní ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ti gba oríire ìyá náà lọ́wọ́ wọn. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni à ń kí pé “ẹ kú ìnáwó” àti “ẹ kú àṣẹ̀yìndè”. Ẹ wá gbé “ẹ kú ìnáwó” lọ sí ilé tí ọ̀dọ́mọkùnrin ti kú sójú ọ̀nà, ẹ ó rí bí wọn yóò ṣe wò yín. “A kú ará fẹ́ra kù” ni a ń sọ níbẹ̀, tàbí “Ọlọ́run kó dáwọ́ ibi dúró”. (Bí a bá sì sọ nípa ìyàwó ilé pé ó ti fẹ́ra kù, ayọ̀ oyún ni. Èdè wa kì í tán nínú ẹnu.)

Àpẹẹrẹ: bí a ṣe tún ìkéde kan kọ

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé èyí wá sórí fóònù rẹ̀:

“Ìyá arúgbó kan tí ó jẹ́ ògbólógbòó aláṣọ ní Ọjà Ọba ti kú. Ó fi ọmọ mẹ́fà sílẹ̀. A ó sin òkú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní. A ń ṣagbe àdúrà lọ́wọ́ yín.”

Ìyá rẹ̀ ni. Ó fẹ́ràn wọn débi pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí fóònù náà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé àjèjì ni ó kọ ọ́. A jókòó, a sì yẹ̀ ẹ́ wò:

- “Ìyá arúgbó kan” sọ ìyá di ẹni tí a rí lọ́nà. A pè wọ́n ní “ìyá wa”.
- “Ògbólógbòó” ti bá olè rìn. A yọ ọ́.
- “Ó” àti “rẹ̀” kò yẹ ìyá lẹ́nu ọmọ. A fi “wọ́n” àti “wọn” sí i.
- “Sin òkú rẹ̀” tọ̀nà, ó sì tutù bí ilẹ̀. A sọ ohun tí ẹ̀sìn wọn ń ṣe.
- “Ṣagbe” mú igbá alágbe wá sí ojú. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ kì í ṣagbe.

Èyí ni ó gbé lọ:

“Ti Ọlọ́run ni a jẹ́, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a ó padà sí. Ìyá wa, tí gbogbo Ọjà Ọba mọ̀ sí Ìyá Aláṣọ, ti jẹ́ ìpè Ọlọ́run ní òwúrọ̀ òní. Ọmọ mẹ́fà àti ọ̀pọ̀ ọmọọmọ ni wọ́n fi sílẹ̀. A ó kírun sí wọn lára lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ bá wa fi àdúrà ràn wọ́n lọ́wọ́, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn.”

Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Èkínní ni gbígbára lé ohun tí fóònù túmọ̀. Fóònù lè gbé ìtumọ̀ wá, kì í gbé ẹrù wá, àwọn tí ó sì ń kọ “ògbólógbòó” fún òṣìṣẹ́ àgbà lónìí, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti kó o.

Èkejì ni fífi ṣúgà sí ohun gbogbo. Tí ẹ bá kọ “ẹ̀bùn kékeré” fún owó tí ẹnì kan fi ẹ̀tọ́ san, ẹ ti sọ gbèsè di àánú. Ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀ jù a tún máa mú kí ènìyàn fura: olùtajà tí ó bá ti pe aṣọ rẹ̀ ní “olówó pọ́ọ́kú” ní ìgbà mẹ́ta, oníbàárà tí ó ń wá aṣọ òkè ìgbéyàwó yóò kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì. “Owó rẹ̀ kò gani lára” ìbá dá a dúró.

Ẹ̀kẹta, tí mi ò fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀: lílo “ẹ” fún ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ dàgbà. Ó lè rò pé ìjà ti dé.

Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀

Ẹ má ṣe fún ènìyàn lórúkọ. Ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Dípò “ahun ni”, ẹ kọ “kò tíì dá owó tirẹ̀”. Dípò “ọ̀lẹ ni wọ́n”, ẹ kọ “wọn kò wá sí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ti ọjọ́ Sátidé”. Ẹni tí a sọ ohun tí ó ṣe fún lè ṣe òmíràn ní ọ̀la. Ẹni tí a fún lórúkọ yóò máa jẹ́ orúkọ náà lọ.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì

- Ṣé mo ti rí ẹlẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ yìí mẹ́ta?
- Ṣé mo lè lò ó fún ìyá mi?
- Ṣé ẹni tí mo fi pè ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀?
- Ṣé àmì ohùn pé lórí rẹ̀?
- Ṣé àgbà kan ti gbọ́ ọ?

Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde

1. Ẹ má ṣe gbé ìwé atúmọ̀ èdè lọ bá ẹni tí inú ń bí.
2. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò tó.
3. Ẹ dárúkọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ sọ èyí tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì tún un kọ ní ibi tí àkọ́kọ́ ti jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ayẹyẹ yẹn, mo lọ sí ilé bàbá olùkọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ tí mo kọ lánàá kò dára.” Wọ́n bi mí bóyá ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Mo fà á lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n mú báírò pupa láti inú àpò agbádá, wọ́n fa ìlà sí “ògbólógbòó”, wọ́n kọ “àgbà” sókè rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn méjèèjì, wọ́n tún rí àṣìṣe kan ní ìsàlẹ̀ tí èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní 6 nínú 10, wọ́n ní kí n lọ tún un tẹ̀.